Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn

Yunifásítì aládàáni ni, kékeré báyìí ni. Bí ẹnìkan bá sín lẹ́nu géètì, àwọn tó wà nílé ìkàwé lè kí i pé pẹ̀lẹ́. Ilé mẹ́fà péré ló wà nínú ọgbà náà, èyí tó sì ti pẹ́ jù nínú wọn, ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni tẹ́lẹ̀ rí. Títí di òní, bí òjò bá rọ̀ dáadáa, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní á bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán ọṣẹ. Àwọn olùkọ́ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tuntun ló máa ń gbóòórùn ara wọn wò lábẹ́lẹ̀.

Obìnrin tó ń mú àlejò yí ọgbà yìí ká ni gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìtàn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹ̀yìn ló máa ń fi rìn bó bá ń sọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ lè wà lára àwọn tó ń bá a bọ̀, ẹnìkan ò sì rí i kó kọsẹ̀ rí. Òbí tó bá fẹ́ fi ọmọ síbẹ̀, olùkọ́ tuntun, oníròyìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mú gbogbo wọn wá. Á sọ fún wọn bí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe fi olùkọ́ mẹ́ta àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta bẹ̀rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Á sọ bí Bàbá Olùdásílẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbá gbọ̀ngàn láàárọ̀ kó tó wọ kóòtù lọ kọ́ni. Á fi ìkòkò irin tí wọ́n fi ń se ọṣẹ hàn wọ́n, èyí tí kò gba ẹnu ọ̀nà kankan jáde, tí wọ́n kúkú fi sílẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn ọmọ ń kó báàgì sí. Gbogbo èyí, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ irọ́, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn.

Òkè ilé ìkàwé ni ilẹ̀kùn náà wà, lára ògiri ìwọ̀-oòrùn. Pákó gidi ni, wọ́n kùn ún ní búlúù, ó ní ọwọ́ irin, ó ní kọ́kọ́rọ́. Bí ènìyàn bá ṣí i, kò sí nǹkan kan níwájú àfi afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, koríko wà lórí ilẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn, kò sí ibi ìdúró kankan, ẹni tó bá sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀nà ọsibítù ló gbà yẹn. Gbogbo àlejò tó bá ti wòkè ló máa ń béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, lọ́sẹ̀ tí Ìyá Ìtàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbẹjọ́rò kan tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá ló kọ́kọ́ bi í. Ohùn ọkùnrin náà ń dún jìnnà, òbí méjìlá sì dúró tì í. Ìyá Ìtàn ò mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ ti kì í nílọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé àlejò kì í gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu ará ọ́fíìsì àwọn. Bàbá Olùdásílẹ̀ sì ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Ló bá lanu. Ó ní Bàbá Olùdásílẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn náà bẹ́ẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé ibi yòówù kóun kàwé dé, ilẹ̀kùn kan ṣì ń bẹ níwájú tí ẹnìkan kò tíì ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀. Agbẹjọ́rò yọ aṣọ ìnujú, ó fi nu ojú. Ọmọ rẹ̀ wọlé síbẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ tí kò dùn kì í pẹ́ kú, ṣùgbọ́n èyí tó bá dùn a máa bímọ. Lọ́dún kejì, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fún àwọn òbí. Lọ́dún kẹrin, gíwá fi ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Nígbà tó fi di ọdún keje, àwọn ọmọ tó ń jáde ti ń tò gun òkè ilé ìkàwé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á kan ilẹ̀kùn ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sọ̀kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Ní báyìí, ọmọ tí kò bá tíì kàn án gbà pé òun ò tíì jáde, bó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dára tó. Ìyá Ìtàn máa ń dúró nísàlẹ̀ láàárọ̀ bẹ́ẹ̀, á máa gbọ́ kó, kó, kó, á sì yíjú kúrò.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá wà bẹ́ẹ̀ títí òun náà á fi fẹ̀yìn tì, ká ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ò pé ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní àwọn máa tẹ ìwé ìtàn. Ta ni kó kọ orí kìn-ín-ní? Gbogbo ìgbìmọ̀ fẹnu kò sórí ẹnìkan. Inú Ìyá Ìtàn dùn títí ó fi délé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni rẹ́jísírà pè é, tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fẹ́ kó kọ ọ́.

Rẹ́jísírà yìí, obìnrin ni, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, ọdún márùn-ún ló sì tíì lò níbẹ̀. Kì í pariwo. Bó bá ń ka ìwé, ìka rẹ̀ máa ń tẹ̀lé ìlà, ibi tí ìka náà bá sì ti dúró, ẹni tó kọ ọ́ ti wọ gàù. Lọ́dún tó kọjá, ó dá akọ̀wé kan dúró nítorí pé ó fi ọjọ́ tí kì í ṣe òótọ́ sórí fáìlì kan. Ó sọ fún Ìyá Ìtàn pé ìwé yìí kì í ṣe àròsọ o, nítorí náà gbogbo ohun tó bá kọ, kó kọ ibi tó ti rí i sí ẹsẹ̀ ojú ìwé: lẹ́tà wo ni, ìwé wo ni, àbí ẹnu ta ni.

Ìyá Ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ó kọ olùkọ́ mẹ́ta, ó fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn tì í lẹ́yìn. Ó kọ ìkòkò irin, ó fi lẹ́tà tí ẹni tó nilé iṣẹ́ ọṣẹ kọ tì í. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, ó kọ ìtàn náà tán láìdúró mí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ojú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnu ta ni? Ẹnu òun alára ni. Ọjọ́ Ajé lọjọ́ náà, ọjọ́ Ẹtì sì ni àwọn atẹ̀wé ń retí iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ rẹ̀. Òun náà ti gbọ́ ìtàn ilẹ̀kùn yìí láìmọye ìgbà, ó tiẹ̀ ti sọ ọ́ fún àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ rí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbé ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a," ó ní. "Tìẹ ṣì ku ọdún kan. Òtítọ́ yẹn mà yára o."

Ìyá Ìtàn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n á lé òun ni. Ó ní bí wọn ò bá tiẹ̀ lé òun, ojú wo lòun fẹ́ fi máa mú àlejò yí ọgbà ká, nígbà tí gbogbo ayé bá ti mọ̀ pé ńṣe lòun ń hun ìtàn lẹ́nu. Ìyẹn ló ń dùn ún ju iṣẹ́ lọ. Gbogbo òótọ́ tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, ta ló tún máa gbà á gbọ́? Ọkọ rẹ̀ rí i pé omi ti ń gbá lójú rẹ̀, ó fi eré sílẹ̀. Ó bi í bóyá ó dá a lójú pé irọ́ ni. Ilé ò kúkú hù láti ilẹ̀, ẹnìkan ló kọ́ ọ, ṣé ẹni náà ti kú ni?

Èyí ni kò tíì wá sí Ìyá Ìtàn lọ́kàn rí. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti ń bẹ̀rù ẹni tó mọ òótọ́ débi pé kò ronú àtiwá a lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tú àwọn fáìlì àtijọ́ wò, ó rí orúkọ bíríkìlà àgbà tó kọ́ ilé ìkàwé, ó rí àdírẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ilé ìlagi ni, kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Bàbá náà wà láàyè. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó di ọ̀pá mú sáàárín orúnkún, ó ti ń lọ sí ẹni ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ti lọ, bí ilẹ̀ bá mọ́ tàbí tó bá ṣú nìkan ló kù tó ń rí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé àga fún àlejò, ó gbé omi wá, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń sá.

Ìyá Ìtàn kí bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sọ ibi tóun ti wá. Ọwọ́ bàbá le mọ́ ọ̀pá.

"Ilẹ̀kùn ni," bàbá sọ. "Ilẹ̀kùn lo bá wá."

Ìyá Ìtàn ò tíì dárúkọ ilẹ̀kùn. Ó rò pé bàbá ti gbọ́ irọ́ òun, pé ó fẹ́ bá òun wí. Bàbá náà sì ní ẹ̀rù tirẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìyàwó ọmọ bàbá dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, ó ń wo àwọn méjèèjì.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí pé ẹnìkan á wá láti ibẹ̀," bàbá sọ. "Jókòó dáadáa, ọmọ mi, kí n sọ ọ́, kí n sinmi."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ó ní pláànù ilé ìkàwé, orí ìwé fẹ́lẹ́ kan báyìí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n yà á sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ta okùn ìpìlẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, òun tẹ́ ìwé náà sórí pákó, òun fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ò mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lòun tẹ́ sókè. Ìlà hàn lẹ́yìn bó ṣe hàn níwájú, gbogbo ìwọ̀n sì wà lórí òun, nítorí ayàwòrán-ilé ti kà á sóun létí. Ẹni tó bá mọ̀wé kà ni ì bá rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn. Òun ò mọ̀wé kà nígbà náà. Báwo lòun ṣe fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ yunifásítì? Bí òun ṣe yí gbogbo ilé náà padà nìyẹn. Ohun tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún lọ sósì. Ilẹ̀kùn òkè, tó yẹ kó kọjú sí ilé ọṣẹ kí wọ́n lè fi afárá so méjèèjì pọ̀, ló lọ kọjú sí koríko. Wọ́n ti kan òrùlé tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí.

Bàbá Olùdásílẹ̀ ló kọ́kọ́ gun òkè lọ wò ó. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí afẹ́fẹ́. Bíríkìlà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń ro ẹni tó máa bá òun bẹ̀ ẹ́.

"Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí bulọ́ọ̀kù," bàbá sọ. "Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo mọ̀wé kà. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní kí n má wó nǹkan kan. Ó ní, 'Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo ní kí o ṣe é bẹ́ẹ̀.' Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló ti ń kọ́ mi ní lẹ́tà nínú ilé ọṣẹ yẹn, èmi nìkan, títí mo fi lè ka ìwé ìròyìn."

Bàbá Olùdásílẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìtàn sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣẹ̀dá rẹ̀, láìmọ̀ pé ẹni tó ni ín ti sọ ọ́ ṣáájú òun. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á, ẹkún sì fẹ́ẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ó jẹ́wọ́ tirẹ̀ fún bàbá pẹ̀lú, látorí agbẹjọ́rò títí dórí àwọn ọmọ tó ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ní ọmọ ọmọ òun kàwé níbẹ̀ ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ mú ìtàn ilẹ̀kùn náà wálé. Bàbá ní òun sun àsùnwọra lọ́jọ́ náà, nítorí òun rò pé Bàbá Olùdásílẹ̀ ló ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó tó kú, kí wọ́n má bàa dójú ti òun. Òun ò mọ̀ pé obìnrin kan tí ẹ̀rù ń bà ló sọ ọ́. Ó mi orí. Ó ní síbẹ̀ náà, ṣé ohun tí Bàbá Olùdásílẹ̀ ní kí wọ́n sọ kọ́ ni wọ́n sọ?

Ìyá Ìtàn sọ fún un pé òun ò lè kọ irọ́ sínú ìwé mọ́, òun ò sì lè kọ òótọ́, nítorí òótọ́ á tú àṣírí bàbá. Òun á kúkú yọ ilẹ̀kùn kúrò nínú ìwé pátápátá, kóun lọ bá rẹ́jísírà, kóun gba ohun tó bá fẹ́ ṣe fóun.

"Kọ ọ́," bàbá sọ. "Mo ti dàgbà ju ìtìjú lọ. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù tó ń bà mí, pé bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á wó o, wọ́n á ní iṣẹ́ púrúǹtù ni. Má dá lọ. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i."

Ọkọ Ìyá Ìtàn ló fi mọ́tò gbé ìyàwó rẹ̀ àti bàbá lọ ní Ọjọ́bọ̀, ó sì dúró nísàlẹ̀. Ìyá Ìtàn fa bàbá lọ́wọ́ gun òkè lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Rẹ́jísírà dìde fún àgbàlagbà, ó fún un ní àga tìmùtìmù tí àwọn ọ̀gá ń jókòó sí, ó sì ní kí wọ́n gbé omi wá fún un. Ìyá Ìtàn kò jókòó. Ó gbé ojú ìwé tó tún kọ lóru síwájú rẹ́jísírà, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ìka rẹ́jísírà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìlà. Ó gba ọ̀rọ̀ pláànù kọjá, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí bàbá kọ́ nínú ilé ọṣẹ kọjá, ó dé ẹsẹ̀ ojú ìwé, ó dúró. Ohun tí Ìyá Ìtàn kọ síbẹ̀ ni pé ẹnu bíríkìlà tó kọ́ ilé náà lòun ti gbọ́ ìtàn yìí. Ní ti ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òun fúnra òun lòun sọ ọ́, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ òun lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ẹ̀rù bà òun láti sọ pé òun ò mọ̀.

Rẹ́jísírà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bi bàbá bóyá bó ṣe rí nìyẹn, bàbá ní bó ṣe rí nìyẹn. Ó wá gbójú sókè wo Ìyá Ìtàn.

"Ẹ rántí akọ̀wé tí mo dá dúró lọ́dún tó kọjá?"

"Mo rántí, mà."

"Kì í ṣe ọjọ́ tó kọ ni mo fi dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sẹ́. Ẹ̀yin, mi ò tíì bi yín rárá tí ẹ fi wá." Ó gbé bírò, ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. "Bó ṣe wà yìí ló máa lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ẹ tún ìwé pẹlẹbẹ àwọn òbí kọ kí oṣù tó parí, ẹ fi òótọ́ sí i. Àlejò wà lẹ́nu géètì ní aago méjì, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ lọ mú wọn."

Ìyá Ìtàn dúpẹ́. Ohun tó ti wà láyà rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jókòó láìsí ẹni tó ní kó jókòó. Inú rẹ̀ dùn débi tí kò fi mọ̀ pé orí ìdì ìwé rẹ́jísírà lòun jókòó lé.

Bàbá ò tíì rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí síwájú, ó kọ etí sí ibi tí ohùn rẹ́jísírà ti ń wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá," ó ní. "Ṣé ẹ máa wó o?"

"Bàbá, ta ló máa wó o?" rẹ́jísírà sọ. "Oṣù tó ń bọ̀, ọgọ́jọ ọmọ ló máa gun òkè ilé ìkàwé lọ kàn án. Bí a bá wó o, ibo ni kí wọ́n kàn?"

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ tí kò ríran, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ́jísírà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìtàn, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé omi wá.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ọkọ Ìyá Ìtàn ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, kò bi ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan kan, ojú rẹ̀ ti sọ fún un. Ó na ọwọ́ sí bàbá kó lè mú un wọlé. Bàbá ní kí wọ́n má tíì gbé òun lọ sílé. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti kọ́ ilé yìí tán, òun ò tíì jókòó nínú ọgbà yìí rí, ẹ̀rù ni kò jẹ́. Wọ́n wá bẹ́ǹṣì kan fún un lábẹ́ ògiri ilé ìkàwé, níbi tí òòrùn ò dé, ó sì jókòó síbẹ̀ títí Ìyá Ìtàn fi mú àwọn àlejò aago méjì rẹ̀ kọjá.